Ẹni Tí Ó Ń Di Abẹ̀bẹ̀ Mú

Kìrì, kìrì, kìrì, kí ó dákẹ́. Kìrì, kìrì, kìrì, kí ó tún dákẹ́.

Bí irin ṣe máa ń ké nínú igi nìyẹn ní yàrá ẹ̀yìn, láyé ìgbà tí bàbá Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ṣì wà, tí gbogbo ilé máa ń rùn fún gọ́ọ̀mù, tí lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń bà sí wọn lórí títí wọn yóò fi dà bí arúgbó kékeré. Káfíńtà ni bàbá náà. Tí ó bá ti kan àga àti tábìlì àwọn oníbàárà tán, bàálù kékeré ló máa ń kàn, èyí tí ènìyàn lè dúró sílẹ̀ kí ó máa fi rìmóòtù darí lójú ọ̀run. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí ó ń yí níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ́ńjìnnì kan kì í tóbi bí èkejì, nítorí náà ihò kékeré ni bàbá máa ń dá sí àárín abẹ̀bẹ̀, tí wọn yóò wá máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi wọlé tí kò ní mì. Bí ihò yẹn bá fi bín-íntín yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàálù á máa gbọ̀n lókè bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnu rẹ̀ mú, ìdí rẹ̀ sì nípọn ju orí lọ. Nígbàkígbà tí iṣẹ́ yìí bá dé, àbúrò ni bàbá máa ń fi irin náà lé lọ́wọ́.

"Ìwọ, yí i." Yóò wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ, dì í mú."

Dì í mú! Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán nínú Ẹ̀gbọ́n. Ó ti lọ sí ìlú òkèèrè, ó ti fi ojú méjèèjì tún aago ṣe níbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun báláú, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Wọ́n fún ẹnì kan ní iṣẹ́, wọ́n ní kí ẹnì kejì máa di nǹkan mú bí ẹni ń di ewúrẹ́ mú.

Nígbà tí bàbá kú, ìlú òkèèrè ni Ẹ̀gbọ́n wà. Àbúrò ló wà ńlé. Àbúrò ni irin bọ́ sí lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn àgbààgbà tí ó fẹ́ràn bàálù máa ń pàdé ní pápá tí ó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò bá bá ẹ́ńjìnnì mu, ọ̀dọ̀ àbúrò ni yóò forí lé. Dókítà Ihò ni wọ́n ń pè é.

"Dókítà! Aláìsàn dé o!" Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sókè.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò lè mí dáadáa. Ihò ẹ̀ ló há."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí apá kan, ó gbé bàálù aláwọ̀ yẹ́lò bàbá wọn lé itan. Ẹ́ńjìnnì olépo tó wà nínú rẹ̀ ti kú pátápátá. Ó ti ra tuntun tí ó ń lo bátìrì, ọ̀pá rẹ̀ sì nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Abẹ̀bẹ̀ tí bàbá gbẹ́ ṣẹ́ ku ẹyọ kan ṣoṣo láyé, òun ló sì fẹ́ kí ó gbé bàálù náà lọ sókè ní Sátidé tí ń bọ̀. Bí ó bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ti wà nínú ilẹ̀.

Àbúrò rìn wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jẹ́ ká jọ fẹ ihò ẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Irin bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ní..."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ló wà. Ibo ni ì bá tún wà?"

Àbúrò fi ọwọ́ ra orí. "Fáìsì orí tábìlì ni mo fi ń di abẹ̀bẹ̀ mú báyìí, sà. Kò dà bí ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń bà á jẹ́ nígbà míì."

Ó ń ṣe bí ẹni rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ni Ẹ̀gbọ́n rò, kí wọ́n lè túbọ̀ yìn ín. Ó gbé bàálù rẹ̀, ó lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ó ṣe ń ju bàtà sílẹ̀. "Bàbá ilé, ta ló tún fín yín níràn? Àbí owú irin yẹn náà ni?"

"Èmi? Ta ló ń jowú?"

"Kò sí. Ẹ kàn ń wo abẹ̀bẹ̀ bí ẹni fẹ́ bù ú jẹ ni."

Fóònù dún. Àbúrò ló kọ̀wé: *Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dirílì kàn án o.* Ẹ̀gbọ́n da ojú fóònù délẹ̀. Ó ń kọ́ òun! Ọmọ tí òun gbé pọ̀n! Ó dìde, ó lọ gbé dirílì.

Ṣùgbọ́n alátùn-únṣe aago kì í fi nǹkan ìyebíye dánra wò. Abẹ̀bẹ̀ oníke ló kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Dirílì gbá a mú, ó yí i bìrí, ó fi gbá a níka. Nígbà tí ó fi í sí ẹnu ẹ́ńjìnnì, tábìlì gbọ̀n, ife orí rẹ̀ sì ń jó lọ sí etí. Ó jù ú nù. Ó mú abẹ̀bẹ̀ oníke mìíràn, ó yọ irin ìfẹhò tuntun tí ó rà, tí ó ń dán yinrin. Bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń yí irin, bẹ́ẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀lé e lọ lọ́wọ́ òsì. Ihò wọ́.

"Wá bá mi dì í mú," ó ké sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó dì í mú. Ihò tún wọ́.

"Dì í mú dáadáa!"

"Kí ni mò ń ṣe? Ṣé mo ń jó ni?"

"O ń tẹ̀lé irin. Má tẹ̀lé irin! Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ dúró, kí irin wá bá ẹ. Bó bá ti fẹ́ wọ́, wàá gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ kójú tó rí i. Ìgbà yẹn ni wàá ní kí n dúró. Wàá yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú, ká wá bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì..."

Ó gbé irin sílẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyàwó wí. "Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

Kò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ yàrá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kìrì, kìrì, kìrì, kí ó dákẹ́. Ta ló ń mú kí ó dákẹ́? Àbúrò kì í dá dúró, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò yí irin náà jáde lódì kejì. Òun Ẹ̀gbọ́n ló máa ń ní, "Ó tó." Òun ló máa ń yí abẹ̀bẹ̀ padà. Bàbá, tí ó jókòó tì wọ́n, kì í tilẹ̀ wo irin. Ọwọ́ òun ló máa ń wò.

Irúfẹ́ nǹkan tí ènìyàn ń gbé kiri ìlú òkèèrè, tí kò mọ̀ pé òun gbé e!

Owú náà kò lọ o. Irin ṣì wà lọ́dọ̀ àbúrò, àbúrò náà ló sì pa ojú bàbá dé nígbà tó kú. Owú kàn sún díẹ̀, ó fún un láyè láti jókòó ni. Ó yí ojú fóònù sókè. Ó kọ *Mú irin bàbá wá*, ó pa á rẹ́, ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó kọ *Ṣé àlàáfíà ni*, ó tún pa á rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ń gbá ike ilẹ̀ nù kí ó tó fi èyí ránṣẹ́:

*Mò ń gbé abẹ̀bẹ̀ bàbá bọ̀ lọ́la. Tú fáìsì yẹn kúrò lórí tábìlì. Ìwọ á yí i, èmi á dì í mú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí o dúró, kí o dúró o.*