Nọ́ńbà Gígùn Tí Mo Pa Irọ́ Mọ́

Ìyá Dàpọ̀, aládùúgbò mi, bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi láàárọ̀ yìí, mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi ná. Mo kọ́kọ́ rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún un.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Nínú àlá náà, mo wà ní kíláàsì mi, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tutù bíi ti balùwẹ̀. Nọ́ńbà kan gùn láti ìkángun pátákó dé ìkángun kejì. Ìgbín tí wọ́n ti yọ nínú ìkarahun ni wọ́n ká láti fi kọ ọ́, ó sì ti ń rùn. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìṣirò nígbà èwe, tó ti kú tipẹ́, jókòó sórí tábìlì mi.

Ó ní, “Nọ́ńbà wo ló lè pín in tí kò ní ṣẹ́kù?”

Eéje ló kẹ́yìn nínú rẹ̀, nítorí náà eéjì àti aárùn-ún kò lè pín in. Kí n tó mọ̀ bóyá ẹẹ́ta lè pín in, mo ní láti máa fọwọ́ kan àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ìgbín kọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì rò wọ́n pọ̀. Wọ́n ń yọ̀, ikun wọn ń wọ abẹ́ èékánná mi. Nígbà tí mo dé ìdajì, mi ò lè ṣe é mọ́.

Mo ní, “Ọ̀gá, kò sí èyí tó lè pín in, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀.”

Àwọn ọmọ kíláàsì mi sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ìyá Dàpọ̀ bi mí pé, “Ṣé ẹẹ́ta lè pín in ni?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fọ ọwọ́ mi láti ìgbà tí mo jí. Ohun tó wá ń rí mi lára jù ni pé ara tù mí nígbà tí mo pa irọ́ náà.”