Iná Kọ̀, Kò Lọ

Ṣadé, ìwọ lo fà á. Ṣebí ìwọ lo bi mí lánàá pé géèmù wo ló wù mí kí n tún gbá bí ẹni tí kò gbá a rí? Mo ní eléyìí tí èmi àti Kúnlé àbúrò mi máa ń gbá ní pálọ̀ bàbá wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, níbi tí ọkùnrin kékeré kan ti ń wá ilẹ̀kùn nínú ilé òkúta.

Lóru àná, àlá gbé mi wọ ilé òkúta náà. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ tuntun lójú mi. Àfi bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, tí mo tún bá ara mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mi ò mọ ọ̀nà kankan níbẹ̀ mọ́. Mo ṣí i títí ó fi sú mi. Mo gbójú sókè, mo rí Kúnlé lẹ́yìn gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, ojú ẹ̀ tóbi bí ògiri, ó ń jẹ gúgúrú.

Mo pariwo: "Kúnlé, yọ mí jáde!"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù, iná máa tó lọ."

Lóòótọ́, iná tó bá lọ ló máa ń lé wa nídìí géèmù nígbà yẹn, a ó sì bú àwọn tó mú un lọ títí ẹnu á fi ro wá. Ṣùgbọ́n lójú àlá, mo dúró títí, kò lọ. Gílóòbù pálọ̀ ń tàn yòò. Kúnlé hu irùngbọ̀n, ó ṣì ń jẹ gúgúrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí mo ta jí láàárọ̀ yìí, òógùn ti bò mí, fáànù ti dúró. Má bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, òní ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé wọ́n mú iná lọ.