Ohun Tí Kò Ní Ọ̀rá

Dókítà ti sọ ọ́ fún káfíńtà kan láìfi bò: bí kò bá dín sísanra kù díẹ̀, kò gbọdọ̀ gun òrùlé mọ́, orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e. Ọkùnrin tó ti ń kan òrùlé láti ìgbà èwe rẹ̀, tí wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ máa kan àpótí! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, rán an lọ ra oúnjẹ, kò jiyàn.

“Olówó orí mi, ẹ ra wàrà, ẹ ra ẹran, ẹ ra ẹ̀fọ́. Àmọ́ ohunkóhun tó bá ti ní ọ̀rá, ẹ má fọwọ́ kàn án o.”

“Mo ti gbọ́.”

Ó dé ilé ìtajà, ó gbé kábéèjì: inú ọ̀rá ló wà. Ó dá a padà. Kúkúmbà ńkọ́? Ọ̀rá. Ẹja? Wọ́n ti fi ọ̀rá wé e pinpin.

Ọmọbìnrin tó ń tajà ń wò ó. “Bàbá, ṣé ẹ kì í fẹ́ kí ọ̀rá dí gọ́tà ni?”

“Gọ́tà kọ́, ọmọ mi. Orúnkún mi ni.”

Ọmọbìnrin náà wo orúnkún rẹ̀, ó tún wo kábéèjì.

Nígbà tó délé, aránṣọ, tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tú ẹrù: bọ́tà inú agolo, wàrà alágolo tó ki bí ẹ̀kọ, àti ẹran tí wọ́n fi bébà wé, tó funfun báláú láti etí dé etí.

“Ta ló rán yín ní irú iṣẹ́ yìí?”

“Ìwọ ni. Wò ó dáadáa, ọ̀rá kankan ò sí níbẹ̀.”

Aránṣọ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó tó bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀rá ara ẹran ni mo wí! Èyí tó fi ikùn yín ṣe ilé!”

Káfíńtà wo ikùn rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ní kékeré wa, omi ọbẹ̀ lásán ló ń kan ọmọdé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èèyàn lè máa sá fún ọ̀rá ẹran?”

Wọ́n jọ fẹsẹ̀ rìn padà lọ pààrọ̀ ọjà. Láti ìgbà náà, wọ́n jọ ń rìn lọ ni. Nígbà tó yá, ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí rẹ̀, aránṣọ sì ń rán an wọlé kó lè fún.

“Má fún un jù o, mo ṣì fẹ́ mí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà gbà fún un pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gun òrùlé kan tí kò ga púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ di àkàbà mú nísàlẹ̀.

“Ẹ rọra o!”

“Mò ń rọra. Kí la fẹ́ jẹ lọ́sàn-án?”

“Ẹja àti ẹ̀fọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ó wí, ó sì na ọwọ́ mú òòlù.