Irun Inú Búrẹ́dì

Ọ̀gá ju ààbọ̀ búrẹ́dì náà sórí tábìlì, fùláwà sì fò sókè.

"Ta ló ni irun yìí?"

Irun dúdú kan yọ láti inú búrẹ́dì funfun náà, ìdajì rẹ̀ wà níta, ìdajì ṣì há sínú. Kì í ṣe òwú, kì í ṣe fọ́nrán àpò fùláwà. Irun ènìyàn ni.

Ọkùnrin tó ń pín búrẹ́dì fún àwọn ilé ìwé ló gbé e padà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó káwọ́ lẹ́rán sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á wá ilé búrẹ́dì mìíràn lọ, nítorí àwọn òbí ọmọ ò ní jẹ́ kí òun gbádùn.

"Ẹni tó bá ni irun yìí, òní ló ń lọ," ni Ọ̀gá wí. "Mi ò bá ẹnì kankan ṣàwàdà."

Ìyá Oníwọ̀n wà nídìí sìkéèlì rẹ̀, níbi tó ti máa ń gé ìyẹ̀fun pípò, tó ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó kó o sínú agolo. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwọ̀n débi pé ẹlẹ́rìí lásán ni sìkéèlì. Ṣùgbọ́n èyí tó gé báyìí kò tó ìwọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un. Irun òun ni.

Ó ti tó oṣù mélòó kan. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, irú èyí tí oorun kì í tán. Òtútù tẹ̀ lé e. Nínú ooru ilé búrẹ́dì yìí, níbi tí Bàbá Aláàrò ti ń bọ́ra sílẹ̀ nídìí iná, súwẹ́tà ni òun ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ há, tí irun sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òòyà jáde, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ìdì. Ó kọ́kọ́ dá kírímù tó fi na irun lẹ́bi. Ó fi òróró kún un. Òróró ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tó lọ sílé ìwòsàn, dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó ní kí ó gbé itọ́ mì, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ṣàlàyé pé nǹkan kékeré kan wà níwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa gbóná, bó ṣe máa lágbára, bí irun ṣe máa hù. Ti Ìyá Oníwọ̀n ti ń ṣọ̀lẹ.

"Dókítà, ká ní kì í ṣe ọrùn mi ló wà ni, mi ò bá ti lé e lẹ́nu iṣẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀ kó tó jẹun. Ó ní irun á padà, àmọ́ kò ní kánjú.

Kò kánjú lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ ní, "Orí ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ irun." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn kì í hu irun. Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún. Láti ìgbà náà ló ti ń so síkáàfù dúdú mọ́ orí gírígírí, tó ń de fìlà iṣẹ́ lé e. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní àfínjú ni. Ó jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bẹ̀rù jù ni Aláròyé, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń dojú kọ ara wọn ní tábìlì kan náà. Bí Aláròyé bá lá àlá, gbogbo ilé búrẹ́dì ló máa gbọ́ ọ kí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó kúrò nínú ààrò. Irun sì kún orí ọmọ náà bí igbó, fìlà ò fẹ́ gbà á. Ìyá Oníwọ̀n máa ń wò ó, ìlara á gùn ún, ojú á tún tì í pé òun ń ṣe ìlara ọmọ kékeré. Ohun mìíràn tún wà tó ń bí i nínú: àkísà. Ọmọ náà ò lè ṣiṣẹ́ pẹ́ títí kó má nu tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọwọ́ yín." Fàì, á ti nù ún. Ìyá Oníwọ̀n bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá tábìlì náà ń relé ọkọ ni.

Bàbá Aláàrò ló kọ́kọ́ ṣí fìlà láàárọ̀ yìí. Orí rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀gá, ẹ yẹ orí mi wò. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń po ìyẹ̀fun náà ṣí fìlà. Wọ́n ti fárí kodoro. Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ Aláròyé.

"Ìwọ ni," ni Ọ̀gá wí. "Ìgbà mélòó ni mo ti kìlọ̀ irun yẹn fún ẹ?"

Aláròyé la ẹnu. Gbogbo wọn múra sílẹ̀ de àròyé. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí Ìyá Oníwọ̀n dúró sí, ó tètè gbójú kúrò, ó sì pa ẹnu dé.

"Ẹ má bínú, sà."

Ó tán síbẹ̀. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí á má purọ́, Ìyá Oníwọ̀n rò ó wò. Ọmọdé ni. Ara rẹ̀ le, á rí iṣẹ́ mìíràn kílẹ̀ tó ṣú. Èmi ńkọ́, èmi tí mo ń gbọ̀n nínú ooru, ta ló máa gbà mí? Ó kàn ní láti dákẹ́ díẹ̀ sí i. Omi lé sí i lójú. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wo ọwọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó sì rí wọn níbẹ̀, irun tó ti ilé bá a wá, tó lẹ̀ mọ́ òwú náà, tí ọ̀kan nínú wọn ń mì lórí ìyẹ̀fun. Òtútù ló wọ̀ ọ́ ní súwẹ́tà, súwẹ́tà ló ń gbé irun wá. Àìsàn kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

"Ọ̀gá, ẹ dúró."

Ohùn há náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó ṣí fìlà. Ọwọ́ rẹ̀ ò tètè rí ojú ìdè síkáàfù, ó pẹ́ kó tó tú u. Awọ orí hàn síta káàkiri, irun sì ta ṣẹ́ṣẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Èmi ni. Àìsàn ló ń já a. Kì í ràn. Ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ."

Bàbá Aláàrò yíjú sí iná. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gá mú ààbọ̀ búrẹ́dì náà kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ká ohun tí kò dára mọ́ lọ́wọ́.

"Ìyá Oníwọ̀n. Ẹ ò sì sọ."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ẹ ò lè wà nídìí ìyẹ̀fun báyìí. Ẹ bọ́ síwájú, níbi tí a ti ń ta èyí tó ti wà nínú ọ̀rá, títí ara yín á fi yá." Ó rọra fi kún un pé, "Àyè yín ò bọ́."

Iwájú. Níbi tí gbogbo oníbàárà ti máa ń woni lójú. "Ẹ ṣé, sà," ló dáhùn.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, síkáàfù lórí itan, nígbà tí Aláròyé wọlé. Ọmọ náà jókòó tì í, ó fa ọwọ́ súwẹ́tà Ìyá Oníwọ̀n mọ́ra, ó sì ń ṣa irun ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú àkísà tútù ọwọ́ rẹ̀. Kò wá wọn. Ó mọ ibi tí wọ́n máa ń wà.

Ìyá Oníwọ̀n ń wo àkísà náà.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìwọ! O ò sì rò ó fún ẹnì kankan?"

"Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo máa ń rò káàkiri, ẹ̀gbọ́n. Tiyín kọ́." Ó ṣẹ́ àkísà náà po. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ má bínú. Méjì yẹn nìkan ni mi ò rí nù."

Ìyá Oníwọ̀n na ọwọ́ súwẹ́tà kejì sí i.