Etí Hàkímù

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀rọ náà gbọdọ̀ fi wà lẹ́yìn etí Hàkímù. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Iná tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ju kó máa ta iṣan etí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ara lè fara da àìrí tíràmádọ́ọ̀lù tó ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́rin.

"Bàbá Hàkímù, ẹ má yọ ọ́ o. Omi ò sì gbọdọ̀ kàn án," Nọ́ọ̀sì Keturah kìlọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní Ìdèrè. Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní sùúrù?" ni Láwàl, bàbá rẹ̀, fèsì.

Ọjọ́ méjì ni Hàkímù fi gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Láwàl di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, kò fojú kan oorun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ Jímọ̀, ọmọ náà mu ẹ̀kọ, ó sì wo bàbá rẹ̀ tó ń tòògbé.

"Bàbá, ìhanrun yín yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Lánlátẹ̀ ò tó o!"

Láwàl rẹ́rìn-ín. Ó tó ọdún kan tó ti rín in kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó gbé bùútà.

"Dìde, ká ṣe àlùwàlá."

"Etí mi ńkọ́, Bàbá?"

"Àlùwàlá wo ni wọn kì í ti í fi omi pá etí? Ara rẹ ti yá."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí pílásítà, tó ju ẹ̀rọ náà sí àpò. Èjìká kan èjìká ni wọ́n kírun. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Kò dá ẹ̀rọ náà padà. Ó gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, oorun ọjọ́ mẹ́ta sì gbé e lọ.

Nígbà tó jí, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Láìsí ẹ̀rọ, ara Hàkímù tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oògùn, ọ̀kadà sì ti gbé e lọ sí gáréèjì tó ti máa ń rà á. Iye tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló gbé mì, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé dé.

"Ẹ̀rọ yẹn dà, Bàbá?" ni Keturah béèrè.

Láwàl ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ta á lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti lèmọ́mù ni wọ́n wẹ òkú. Láwàl jẹ́wọ́ fún un pé òun ló yọ ẹ̀rọ náà nítorí àlùwàlá. Lèmọ́mù mi orí.

"Iyanrìn ì bá tó o dípò omi, Láwàl. Ọlọ́run ò ni aláìsàn lára."

Àlùwàlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láwàl fọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọ ojú, ó pá orí. Nígbà tó kan etí, ó rí gọ́ọ̀mù pílásítà tó ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè fi omi kàn án.