Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Ha-rim

2.

…bí ẹ bá sì jí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú yín máa wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á dúdú bí aró, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn. Ibi tí a ti fa ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lè kú, kí ẹ má mọ̀ ọ́n lára. Ó sì lè le bíi kókó tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Yóò rọ̀. Ẹ má tú ọ̀já ojú sílẹ̀ àfi tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Ẹ má wọ ilé ìwẹ̀ olóoru.

Ẹ MÁ FẸNU KAN IYỌ̀.

(Ìwé tí ilé ìwòsàn kan ní Seoul fún Pyo Mal-sun nìyí, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ta àkàrà ìrẹsì ní Daejeon. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti kà á. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀já ò jẹ́ kí ẹ̀rín náà yọ.)


3.

Ha-rim, ọmọ rẹ̀, ló sanwó ẹ̀. Ọmọ tó bá ríṣẹ́ gidi níbí a máa tún ojú ìyá rẹ̀ ṣe fún un, bí ọmọ ibòmíràn ṣe ń kọ́lé fún ìyá tiẹ̀. Ìyá á ní rárá, rárá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ ogbó. Lẹ́yìn náà á béèrè pé ọjọ́ wo.

Ìdílé ọmọ àti ìdílé Gyu-ho, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fẹ́ jọ jẹun, kí wọ́n lè mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Mal-sun ò fẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ yẹn lọ síbẹ̀. Òṣùpá ni wọ́n ń pè é láti kékeré. Àgbọ̀n rẹ̀ ti di méjì, ó fẹ́ di mẹ́ta. Nínú gbogbo fọ́tò, òun ló máa ń dà bí ẹni tó jẹ oúnjẹ àwọn yòókù.


4.

Ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú:

ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń lọ sílé ọkọ

hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà

ọrùn. Ó ní ọrùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra wọn gbẹ̀yìn.


5.

(Kò sí mọ́. Fọ́tò ojú rẹ̀ ni, nígbà tó wú jù. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́.)


6.

HA-RIM: Mọ́mì, ṣé ẹ ti mu omi elégédé yín, kí wíwú náà lè lọlẹ̀?

MAL-SUN: Àpò mẹ́ta. Ojú ti ń wálẹ̀. Mo rí egungun kan níbi tí mi ò mọ̀ pé egungun wà.

HA-RIM: Ẹ jẹ́ n rí.

MAL-SUN: Ó tì o. Ọjọ́ tí a bá pàdé wọn ni kí gbogbo yín jọ lanu.

HA-RIM: Mọ́mì, ọ̀rọ̀ kan wà.

MAL-SUN: Sọ ọ́.

HA-RIM: Màmá Gyu-ho gbé fọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ka kádàrá lójú ènìyàn. Fọ́tò àtijọ́. Ẹni náà ní oríire wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, pé ilé tó bá bá yín ṣe àna ò ní ráhùn láéláé. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn jìn, pé oríire ń jò níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbà nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé wọn ò fẹ́ mi tẹ́lẹ̀.

MAL-SUN: O jẹ́ kí wọ́n fa oríire sínú ìgò tán kí o tó sọ fún mi.

HA-RIM: Àná ni Gyu-ho ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.


7.

Ìgò náà dà? Wọ́n ti dà á nù.


8.

Pil-lye, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí fóònù.

PIL-LYE: Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ojú tí ìyá wa fún ẹ, o lọ gbé e fún ẹ̀rọ.

MAL-SUN: Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò pè yín fún ìwàásù. Kí ni mo lè ṣe kó tún wú?

PIL-LYE: Kó kí ni?

MAL-SUN: Kó wú. Ọjọ́ kan péré.

PIL-LYE: (ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́) Orí ẹ ò pé. Máa bọ̀. À ń ṣe kimjang lọ́la, à ń po kímchi, kábéèjì aláta, pamọ́ de ìgbà òtútù, kábéèjì oníyọ̀ ti ga ju ẹ lọ. Tó bá dalẹ́, o se ramyeon, o jẹ núdù ẹ̀, o mu omi ẹ̀ tán, o sùn. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ ramyeon sùn, ojú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jí?


9.

Ó mú bírò, ó fagi lé ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé dókítà. Ó kọ tiẹ̀ sí i:

JẸ IYỌ̀.


10.

Ó jẹ iyọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò jókòó yí abọ́ ńlá ká, ata pọ́n wọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ẹni tó bá ká kábéèjì mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ á ní, "Ìyá Ha-rim, ẹ lanu." Ó ń lanu. Wọ́n ń bọ́ ọ bí ọmọ ẹyẹ, wọn ò sì béèrè ìdí tó fi ń fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn òkèlè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bà á, òótọ́ ni, àmọ́ ayọ̀ ń pa á bí ọtí. Ọmọ rẹ̀ á wọlé ọkọ, bó bá di pé kó mu òkun gbẹ.


11.

Apá òsì wú.


12.

Apá ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀.


13.

Ó wọ ìbòmú lọ síbi oúnjẹ náà. Ha-rim wò ó. Wọ́n jókòó sínú yàrá kékeré ní ilé oúnjẹ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gyu-ho wọlé. Ìyá rẹ̀, Tak Yeon-ok, tẹ̀ lé e.

Òun náà wọ ìbòmú.

MAL-SUN: Ẹ má bínú, àna mi. Òtútù ló mú mi.

TAK: Ẹ pẹ̀lẹ́. Òtútù ló mú èmi náà.

GYU-HO: Mọ́mì, ara yín le nínú mọ́tò.

TAK: Dákẹ́.

Wọ́n gbé ọbẹ̀ dé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Tak wá inú báàgì, ó yọ àpò pẹlẹbẹ kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ki ike ìfàmu bọ̀ ọ́, ó tì í sábẹ́ ìbòmú, ó ń fà á mu. Mal-sun mọ àpò náà. Ó tún rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àna rẹ̀ tó kún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú, àti aró tó ti ṣàn dé ọrùn.

MAL-SUN: Omi elégédé?

TAK: Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá itan mi ni wọ́n fà sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé oríire wá sídìí tábìlì.

Ẹ̀rín gbé Mal-sun débi pé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta á. Bó ṣe ń ta á náà ló ń ronú ìgò ọjọ́sí.

TAK: Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí ìbòmú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.


14.

Ọbẹ̀ ń tutù.

Ọwọ́ Tak ti wà létí. Ọwọ́ Mal-sun náà. Lábẹ́ tábìlì, Ha-rim di ọwọ́ Gyu-ho mú pinpin.

Ení.

Èjì.