Púlọ́ọ̀gì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀rọ ìgúnyán ló wà nínú ilé ìkẹ́rùsí Dádì Olúbọ̀dé ní Creekmouth, ní London. Irin ni ara gbogbo wọn, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló sì wà nídìí gbogbo wọn. Láti àárọ̀ ni Moṣọpẹ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ọjà wò kó tó jáde, ti ń tú wọn. Ó tú mẹ́fà, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Wáyà mẹ́ta ló ti inú ẹ̀rọ bọ̀, àmọ́ kó tó dé inú púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti gé ìkẹta, èyí tó yẹ kó máa gbé iná lọ sínú ilẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wáyà kan bá ṣí nínú irin náà, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná yóò gbà kọjá.

"Dádì, ẹ má bìínú, a ò lè kó o lọ," ni Moṣọpẹ́ wí. "Germany ni o, Italy ni o, Belgium ni o, wọn ò ní gbà á. Ẹ̀rọ onírin gbọ́dọ̀ ní earth, wáyà kẹta yẹn. Ẹ fún mi ní three weeks, a máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀."

Dádì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ara rẹ̀ ló dé London, ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Earth kẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé ilé ni? Two-pin la fi dàgbà! Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe agídí, wàá ki ìdérí bírò bọ ihò òkè, ó ti wọlé nìyẹn. Ta ló kú?"

Moṣọpẹ́ mọ ẹni tó kú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ní Ṣágámù, nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Àmọ́ èwo ni ká máa ka òkú fún àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín?

Ìwé kan péré ló kù kí ọkọ̀ tó gbéra, èyí tó sọ pé ẹni tó mọṣẹ́ ti yẹ àwọn ẹ̀rọ náà wò, wọn ò sì léwu. Orúkọ Moṣọpẹ́ ni wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní orúkọ Dádì ni, ì bá ti buwọ́ lù ú kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ Dádì yìí kan náà ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún Moṣọpẹ́, ìwé náà ni òun àti Peter ọkọ rẹ̀ àti Zoe ọmọ wọn fi ń gbé ní Thames View. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Síbẹ̀, ó ti pinnu. Láti ìgbà tó ti tú ẹ̀rọ kẹfà ló ti ń fi èsì kọ́ra: bí Dádì bá fi ìwé àṣẹ halẹ̀ mọ́ òun, òun á ní kó gbà á padà. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, àmọ́ ó ti pinnu.

Dádì ò halẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orí páálí kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì.

"Moṣọpẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Àwọn tó rà á ti ń dúró."

"Yéè! Dádì, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́ sà!"

Ọkùnrin tó ju bàbá Moṣọpẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, ẹni tó gbé Zoe sókè lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Ta ló fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún òun, kó sì máa gbàdúrà kí ẹ̀mí òun gùn? Ó kúnlẹ̀, kò tó. Ó dojú bolẹ̀ kí orí rẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju ti Dádì lọ, ìyẹn náà ò tó, nítorí Dádì ò mira. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Jonah, awakọ̀, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Uncle, are we loading or what?" Ó wò wọ́n. "Oh my days."

Ojú ti Moṣọpẹ́ débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Tí o ò bá sign, n ò ní dìde," ni Dádì wí, ẹnu rẹ̀ wà nínú eruku. Ó ti na ìwé náà àti bírò sí i.

Moṣọpẹ́ gbà wọ́n. Nílẹ̀ níbẹ̀ náà ló ti buwọ́ lu ìwé, ó kọ ọjọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ lórí sìmẹ́ǹtì. Dádì fi ọwọ́ ti èjìká Moṣọpẹ́ dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ dáadáa. Bí o ṣe gbé mi dìde yìí, ojú ò ní tì ọ́. Ohun tí o fọwọ́ sí, Olúwa á fọwọ́ sí i."

"Àmín sà," ni Moṣọpẹ́ dáhùn. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó yé e pé ìwé náà ni Dádì wúre sí.